Orí Kẹrin: Ọkọ̀ Eléèédú Tó Rìn Dé Ibi Tí Òkun Ti Di Yìnyín

Nígbà tí wọ́n yọ òpó iwájú ọkọ̀ náà, tí wọ́n wọ́ ọ gòkè, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí iyanrìn ní Kealakekua, ní erékùṣù Hawaii, àwọn káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìdí rẹ̀. Ìdí òpó ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ ń sinmi lé; ibẹ̀ ló yẹ kó le jù. Ibẹ̀ gan-an ló ti jẹrà. Ihò tó wà láàárín igi náà fẹ̀ débi pé àgbọn mẹ́rin tàbí márùn-ún lè wọ inú rẹ̀. James King, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀, ló fi àgbọn wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1779 ni. Ká ní òpó yẹn kò yọnu nínú ìjì ni, ọkọ̀ náà kò ní padà sí èbúté tó ti dágbére fún. Ká ní kò sì padà, bóyá James Cook, ọ̀gá ọkọ̀ náà, ì bá darúgbó sílé rẹ̀.

Ìwé tí wọ́n ti kọ lórí Cook kún ilé ìkàwé, èmi ò ní fi tèmi kún un. Ọkọ̀ tó gbé e ni mo fẹ́ tọ ipa rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n tì í sómi dé ọjọ́ tí ojú èèyàn rí i gbẹ̀yìn: ọdún mẹ́tàlá péré, láti 1770 sí 1783. Resolution lorúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí, orúkọ kẹta tó jẹ́ sì ni. Bí a bá ṣe ń bá a lọ, ẹ máa fojú sí àwọn tí kì í sí nínú àwòrán, àwọn agbẹ́gi àti àwọn tó ń fi òòlù ki òwú okùn sí àlàfo pákó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí wọ́n bá ṣe tọ́jú ọkọ̀ lórí ilẹ̀ ni yóò ṣe hùwà lójú òkun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ sùlúùpù kúrò nílẹ̀, torí orúkọ ẹ̀yà tí wọ́n fi ọkọ̀ yìí sí nìyẹn. Láyé ìgbà náà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì pín àwọn ọkọ̀ ogun wọn sí ipò mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí iye ìbọn àgbá tí wọ́n gbé. Èyí tó bá gbé ọgọ́rùn-ún ìbọn wà nípò kìíní. Èyí tó bá gbé bí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ wà nípò kẹfà. Ọkọ̀ tí kò bá tó ìyẹn, tí wọn kì í sì í fún ọ̀gákọ̀ àgbà darí, sùlúùpù ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ bí ọkọ̀ ṣe rí tàbí iye òpó tó ní. Ipò ẹni tó ń darí rẹ̀ ló ń sọ. Sùlúùpù ni wọ́n ń rán níṣẹ́ tí ọkọ̀ ńlá kò ní ráyè fún: kó máa sin àwọn ọkọ̀ oníṣòwò, kó máa lé àwọn onífàyàwọ́, kó gbé lẹ́tà lọ sí ìdálẹ̀. Ìbọn àgbá méjìlá ni Resolution gbé, ọta pọ́n-ùn mẹ́fà ni wọ́n ń yìn, ìbọn kéékèèké méjìlá mìíràn sì wà létí ọkọ̀. Lójú àwọn ológun, ìyẹn kò tó nǹkan.

Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ bí ọkọ̀ ogun. Whitby, ìlú kékeré kan ní etíkun ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Thomas Fishburn ti kàn án. Ní 1770 ni wọ́n tì í sómi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Marquis of Granby. Èédú ni wọ́n fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kó. Wọ́n á ra èédú ní àríwá, wọ́n á gbé e gba Òkun Àríwá sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé gbogbo ti ń fi èédú dáná. Ẹni tó bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ogun lè fi í rẹ́rìn-ín. Imú rẹ̀ rí kúńdú, ikùn rẹ̀ fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í sì í sáré. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 110, fífẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 35. Bí ẹ bá to irú rẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra, wọn kò ní gùn ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ. Inú rẹ̀ sì ni àwọn èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún yóò máa gbé fún ọdún mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlò ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn. Ní etíkun Òkun Àríwá, bí omi bá fà sẹ́yìn, ọkọ̀ eléèédú á jókòó sórí iyanrìn jẹ́ẹ́, wọ́n á já ẹrù rẹ̀, bí omi bá sì tún kún, á léfòó, á bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ogun tí ìdí rẹ̀ mú kò lè dán an wò, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi lélẹ̀. Cook mọ èyí dunjú, torí inú ọkọ̀ eléèédú ló ti kọ́ṣẹ́ ní Whitby nígbà èwe rẹ̀. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbé yí ayé ká, Endeavour, irú kan náà ni, ọwọ́ Fishburn kan náà ló sì ti jáde. Ní 1770, Endeavour gun òkúta abẹ́ omi ní etíkun Ọsirélíà, ìdí rẹ̀ lu. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dé ẹnu odò kan, wọ́n fà á sórí ilẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe níbi tí kò sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kankan nítòsí. Ọkọ̀ tí kò lè jókòó ì bá parí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ní kí Cook tún padà lọ, ọkọ̀ Whitby ló ní kí wọ́n rà fún òun, méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n ra Marquis of Granby ní 1771, pọ́n-ùn 4,151. Drake ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́, wọ́n sì sọ èkejì rẹ̀ ní Raleigh. Àwọn kan nínú ìjọba wá rántí pé Drake àti Raleigh ló fojú àwọn ará Sípéènì rí màbo lójú òkun ní igba ọdún sẹ́yìn, pé bí ọkọ̀ tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá wọ Òkun Pàsífíìkì, tí Sípéènì kà sí ọgbà tirẹ̀, ìjà ló ń wá. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1771, wọ́n yí orúkọ padà sí Resolution àti Adventure. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé Sípéènì, yóò tún padà wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́ ni ọ̀dọ̀ Joseph Banks. Ọlọ́rọ̀ ni, ó fẹ́ràn ìmọ̀ ewéko, ó sì ti bá Cook rìn ní ìrìn àjò àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ kó ayàwòrán, akọ̀wé, ìránṣẹ́, títí kan àwọn tó ń fun fèrè, dání. Ibo ni wọ́n á sùn? Wọ́n bá fi àjà kan kún ọkọ̀ lókè. Banks ló máa gba yàrá ńlá tó jẹ́ ti ọ̀gákọ̀, nítorí náà wọ́n tún kọ́ yàrá mìíràn sórí àjà fún Cook. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1772, wọ́n wà á sọ̀ kalẹ̀ lójú odò Thames láti dán an wò. Atọ́nà tó ń darí rẹ̀ kò gbà láti lọ síwájú, torí ọkọ̀ náà fẹ́ dojú dé.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti yé. Ohun tó ń mú ọkọ̀ dúró ṣánṣán ni pé ibi tó wúwo jù lára rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí ìgbì bá tì í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi á máa ti ẹ̀gbẹ́ tó rì yẹn sókè, ìwúwo tó wà nísàlẹ̀ á sì máa fa ọkọ̀ bọ̀ sípò. Bí ẹ bá wá gbé ẹrù lọ sókè, ìwúwo náà bá a gòkè, agbára tó ń gbé ọkọ̀ dìde sì ń dín kù, títí yóò fi di pé bó bá ti tẹ̀, ó kù ú ni. Ẹni tó bá ti nàró rí nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kò nílò àlàyé mìíràn.

Wọ́n gbé Resolution lọ sí Sheerness, wọ́n gé gbogbo àfikún náà dànù. Inú bí Banks, ó kó ẹrù rẹ̀, kò lọ mọ́. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Johann Reinhold Forster, àti George ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Lójú tèmi, nínú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yìí láyé rẹ̀, wíwó tí wọ́n wó àjà yẹn ló dára jù.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ara rẹ̀ díẹ̀ sí i. Wọ́n máa ń to pákó mọ́ egungun ọkọ̀, ọ̀kan lórí èkejì, ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọwọ́ káfíńtà mọ́ tó, àlàfo á wà láàárín pákó méjì. Àlàfo yẹn ni ẹnu ọ̀nà omi. Iṣẹ́ dídí i bẹ̀rẹ̀ láti ara okùn ògbólógbòó. Wọ́n á tú okùn ọkọ̀ tó ti gbó sí fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n á tún fọwọ́ yí i pọ̀ di òwú gígùn. Ẹni tó ń dí ọkọ̀ á gbé òwú yìí sẹ́nu àlàfo, á fi irin pẹlẹbẹ kan tì í, á wá máa fi òòlù onígi gbá irin náà, kò, kò, kò, bó ṣe ń tẹ̀ síwájú ní ìka kọ̀ọ̀kan. Bí òwú kan bá wọlé tán, á tún ki òmíràn lé e. Ìgbà tó bá le koránkorán ni wọ́n tó da ọ̀dà gbígbóná lé e lórí. Iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán wò ó kó mọ̀ bóyá òwú mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn tàbí ẹyọ kan. Òkun nìkan ló máa mọ̀.

Igi kì í sì í dúró sójú kan. Bó bá mu omi, á wú, á fún òwú mọ́ra. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, á súnkì, àlàfo á tún là. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé apá òkè ọkọ̀, tí òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ṣùgbọ́n tí oòrùn àti òjò ń nà ní àńtẹ̀lé, ló máa ń kọ́kọ́ jò.

Nísàlẹ̀ omi, ọ̀tá mìíràn wà. Aràn ọkọ̀ ni àwọn atukọ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aràn, ìbátan àwọn ẹ̀dá oníkarawun inú òkun ni. Karawun kékeré tó wà lórí rẹ̀ ló fi ń gbẹ́ igi. Nígbà tó bá kéré bí orí abẹ́rẹ́ ló ń wọ inú pákó, á wá máa dàgbà, á máa gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹnu ihò rẹ̀ níta kì í tóbi, nítorí náà pákó tó dà bíi pé ó le lójú lè ti dà bí afárá oyin nínú. Omi tó móoru ló fẹ́ràn. Ní 1761, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bàbà bo ìdí ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Alarm. Aràn kò rí i jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú bàbà náà wò, àwọn ìṣó irin tó fara kàn án ti jẹ dànù. Irin àti bàbà nínú omi iyọ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi bátìrì ni, irin sì ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ọ̀nà tó ti wà tipẹ́ ni kí wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo ìdí ọkọ̀ láti òde, kí wọ́n fi irun ẹran àti ọ̀dà sáàárín. Aràn á jẹ ẹ̀wù òde náà yó, wọ́n á bọ́ ọ sọ nù, wọ́n á wọ òmíràn fún un.

Ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1772 ni Resolution kúrò ní Plymouth, Adventure tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni kí wọ́n lọ wò bóyá ilẹ̀ ńlá kan wà ní gúúsù ayé, ilẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ti ń yà sórí máàpù láìsí ẹni tó fojú rí i. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1773, wọ́n kọjá ìlà Antarctic, kò sì sí àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kankan tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Nígbà tó yá, ìjì ya Adventure sọ́tọ̀, ó sì padà sílé ṣáájú. Resolution nìkan ló dé ìwọ̀n 71°10′ ní gúúsù, lọ́jọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1774, níbi tí yìnyín ti tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀ bí ògiri.

Nínú òkun gúúsù yẹn ni wọ́n ti rí ohun kan tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Omi mímu ni wàhálà ọkọ̀ òkun: èèyàn wà lójú omi, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1773, wọ́n sọ ọkọ̀ kéékèèké kalẹ̀, wọ́n lọ ṣa àfọ́kù yìnyín tó ń léfòó, wọ́n kó o sórí àjà kí omi òkun tó lẹ̀ mọ́ ọn lè ṣàn kúrò, wọ́n sì yọ́ ọ nínú ìkòkò. Láàárín wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, wọ́n rí omi tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dùn, kò níyọ̀. Òjò dídì tó ti ń gun ara wọn lórí ilẹ̀ láti ayébáyé ni àwọn òkè yìnyín wọ̀nyẹn, wọ́n kàn já bọ́ sínú òkun ni, òjò kò sì níyọ̀. Kò sẹ́ni tó nílò láti yà sí èbúté mọ́ torí omi.

Òtútù ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Okùn dì, ó le bí irin, ìgbòkun le bíi páànù, ọwọ́ àwọn tó ń gùn ún sì ń bó. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n padà dé Cape Town ní oṣù Kẹta ọdún 1775, Cook ṣírò pé láti ìgbà tí òun ti kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ òun ti rin 20,000 líìgì, tó súnmọ́ ìlọ́po mẹ́ta yíyí ayé ká. Òpó kan kò sán. Kò sí ọ̀pá ìgbòkun ńlá kankan tó ṣẹ́. Cook kò gba gbogbo ìyìn náà fún ara rẹ̀. Ó ní ìtọ́jú àwọn ọ̀gá abẹ́ òun wà ńbẹ̀, ìwà ọkọ̀ náà sì wà ńbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ 30 oṣù Keje, èèyàn mẹ́rin péré ni ọkọ̀ náà pàdánù lọ́dún mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ni àìsàn pa. Ẹ̀fọ́ tútù tí wọ́n ń já ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gúnlẹ̀ àti kábéèjì kíkan tí wọ́n rọ sínú àgbá ló lé àrùn àìjẹ ewébẹ̀ jìnnà sí wọn, ìyẹn àrùn tó máa ń mú kí erìgì wú kó sì jẹrà, tó sì ti pa àwọn atukọ̀ lọ bẹẹrẹbẹ.

Aago kan tún wà nínú ọkọ̀ yẹn. Larcum Kendall ló ṣe é, ó fi aago John Harrison ṣe àwòkọ́ṣe. Ayé ń yí ìwọ̀n kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ aago tó ń lù nílé, tó sì fi oòrùn mọ aago ibi tó wà, á mọ bí òun ṣe jìnnà sí ilé tó níhà ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Aago Kendall gba òtútù, ó gba ooru, ó gba ìgbì, kò ṣìnà. Cook, tó kọ́kọ́ fura sí i, ló padà ń fi yangàn.

Ọkọ̀ tó rin irú ìrìn yẹn tọ́ sí ìsinmi, tàbí, ó kéré tán, àtúnṣe gidi. Deptford, lẹ́bàá odò Thames, ni wọ́n gbé e lọ. Kò tó ọdún kan tó lò níbẹ̀ tí wọ́n fi ní kó tún jáde. Lákòókò yẹn, ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́rùn àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìjọba. Cook fúnra rẹ̀, tó máa ń dúró ti àwọn oníṣẹ́ lórí tẹ́lẹ̀, ìwé ìrìn àjò rẹ̀ kejì ló jókòó tì. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ iye òwú tó wà lábẹ́ ọ̀dà.

Ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1776 ni wọ́n kúrò ní Plymouth. Wọ́n ń lọ wá ọ̀nà omi tó bá gba àríwá Amẹ́ríkà kọjá láti Pàsífíìkì sí Átílántíìkì. Discovery, tí òun náà jẹ́ ọkọ̀ eléèédú láti Whitby, yóò tẹ̀ lé wọn. Màlúù àti àgùntàn tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ránṣẹ́ sí àwọn erékùṣù gúúsù wà lórí àjà. Wọn ò tíì dé Cape Town tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sínú ilé. Àlàfo òkè là sílẹ̀, omi ń kán sórí ibùsùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó rí ibi gbígbẹ sùn sí, àwọn ọ̀gá sá kúrò ní yàrá wọn. Omi dé ibi tí wọ́n kó ìgbòkun sí, ó sì ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ kí wọ́n tó ráyè sá wọn. Bí ojú ọjọ́ bá ti dára díẹ̀, àwọn tó ń dí ọkọ̀ á gbé òòlù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí ní Deptford, ojú òkun ni wọ́n ti ń ṣe é. Cook kọ ọ́ sílẹ̀ pé okùn àti aṣọ ìgbòkun tí ìjọba ń kó fún ọkọ̀ ogun kò dára tó èyí tí àwọn oníṣòwò ń lò. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ràn gbólóhùn yẹn rárá.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan lójú Pàsífíìkì, wọ́n gòkè lọ sí àríwá. Nígbà tí wọ́n dé Nootka, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ tí à ń pè ní Kánádà lónìí, ní oṣù Kẹta ọdún 1778, wọ́n ní kí àwọn wo àwọn òpó. Àwọn igi tó gbé orí òpó iwájú ró ti jẹrà. Ti ẹ̀yìn burú ju ìyẹn lọ: nígbà tí wọ́n ń fi okùn gbé e sọ̀ kalẹ̀, orí rẹ̀ já bọ́ fúnra rẹ̀. Ó dára pé igbó ńlá ló yí Nootka ká. Wọ́n gé igi, wọ́n gbẹ́ òpó ẹ̀yìn tuntun, wọ́n sì fi pákó di ti iwájú lórí bí ẹni di ẹsẹ̀ tó kán. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí oṣù kan. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n ti gba ọ̀nà omi Bering kọjá dé ìwọ̀n 70°44′ ní àríwá, yìnyín sì tún dí wọn. Ọkọ̀ kan náà, láàárín ọdún márùn-ún, ti fi imú kan yìnyín ìhà méjèèjì ayé.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí Hawaii láti lọ lo ìgbà òtútù. Kealakekua gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1779 ni wọ́n dágbére. Ọjọ́ díẹ̀ sí i, ìjì lù wọ́n. Pákó tí wọ́n fi di òpó iwájú ní Nootka sán. Lọ́jọ́ 11, wọ́n ti padà sí èbúté kan náà, ayẹyẹ ti parí, oúnjẹ àwọn onílé ti fẹ́ tán, ojú tí wọ́n fi wò wọ́n kò sì jọ ti àkọ́kọ́ mọ́. Wọ́n wọ́ òpó gòkè, wọ́n rí ihò àgbọn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Igi líle kan tí wọ́n ń pè ní toa, tí wọ́n ti gé ní erékùṣù Moorea láti fi ṣe ọ̀pá onígi ìdákọ̀ró, ni àwọn káfíńtà là láti fi dè é.

Ní òru ọjọ́ 13 mọ́jú 14, ọkọ̀ kékeré Discovery pòórá. Cook kó àwọn ológun, ó lọ láti mú Kalaniʻōpuʻu, ọba ibẹ̀, wá sínú ọkọ̀ títí wọn yóò fi dá ọkọ̀ kékeré náà padà. Ìwà òmùgọ̀ ni, mi ò sì mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Àwọn èèyàn ọba kò gbà. Wọ́n pa Cook àti mẹ́rin nínú àwọn ológun rẹ̀ létí omi. Ọ̀pọ̀ ará Hawaii náà sì kú. Òpó ṣì wà lórí iyanrìn. Wọ́n ní láti lé e léfòó padà, kí wọ́n sì parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àjà ọkọ̀, níbi tí àyè kò ti fi bẹ́ẹ̀ gbà á.

Charles Clerke gba ipò, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì ti ń jẹ òun náà láti inú. Ó tún darí ọkọ̀ méjèèjì lọ sí àríwá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní Kamchatka, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ́n bọ́ ẹ̀wù tí yìnyín ti fà ya níwájú Resolution, wọ́n sì rí i pé pákó gan-an ti wọlé lábẹ́ rẹ̀. Àní aago Kendall dúró níbẹ̀. Atukọ̀ kan tó ti kọ́ iṣẹ́ aago nígbà èwe ló tú u, ó nù ún, ó sì tún ń lọ fún ìgbà díẹ̀. Clerke kú lójú omi ní oṣù Kẹjọ ọdún 1779, John Gore ló sì mú ọkọ̀ délé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1780. Ọkọ̀ náà ń jò, òpó rẹ̀ kún fún ìdè, ṣùgbọ́n ó délé.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́hùn-ún, Faransé ti dara pọ̀ mọ́ ogun Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ní 1779, ìjọba Faransé pàṣẹ pé kí ọkọ̀ wọn má ṣe fọwọ́ kan ọkọ̀ Cook, torí iṣẹ́ ìmọ̀ ló ń ṣe. Benjamin Franklin kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí àwọn ọ̀gákọ̀ Amẹ́ríkà. Ìwé ààbò yẹn kò tẹ̀ lé ọkọ̀ náà lọ títí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún Resolution ṣe tán, ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó gbé ìbọn ni wọ́n sọ ọ́ dà, wọ́n sì rán an lọ sí Íńdíà ní 1781. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1782, àwọn ọkọ̀ Suffren, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Faransé, gbá a mú. Suffren rán an lọ sí Manila láti lọ kó igi, bísíkíìtì àti okùn wá. Ìlú Sípéènì ni Manila nígbà náà. Ọkọ̀ tí wọ́n ti fi ìbẹ̀rù Sípéènì yí orúkọ rẹ̀ padà, èbúté Sípéènì ni wọ́n wá rán an lọ, asíá Faransé lórí òpó rẹ̀.

Aago Kendall ṣì wà ní Greenwich títí di òní. Ní ti Resolution, ojú èèyàn rí i gbẹ̀yìn ní ọ̀nà omi Sunda, láàárín Java àti Sumatra, lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1783. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù ló jẹ́ lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bó ti rí lọ́jọ́ tó kúrò ní Whitby.